Sí ẹ̀yin tó ń ṣe fíìmù l'Abẹ́òkúta: ẹ jẹ́ kí orin fíìmù yín lè dá dúró

Ẹ̀yin olóòtú àti olùdarí fíìmù ìlú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìsùn. Ọ̀rọ̀ orin ló gbé wa wá sọ́dọ̀ yín, pàápàá jù lọ orin fíìmù tí ẹ bá gbé fún onígìtá rock ṣe.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Fíìmù jáde, àwọn èèyàn yìn ín, wọ́n ní orin inú rẹ̀ dùn. Ni ẹnì kan bá kó gbogbo ègé orin náà jọ bí wọ́n ṣe wà, ọgbọ̀n ègé, òmíràn kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ, ó dà á sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní àwo. Ẹni tó bá ṣí i á gbọ́ ègé mẹ́ta, á sì bá tirẹ̀ lọ. Orin náà lè dára gan-an. Wọ́n ṣe é kí ojú lè máa ràn án lọ́wọ́ ni, wọ́n wá fi í sílẹ̀ fún etí nìkan láìtún un tò.

Àbá wa kò ju ọ̀kan lọ: ẹ ka àwo orin fíìmù sí iṣẹ́ kejì, tó ní owó tirẹ̀, àkókò tirẹ̀ àti ìlà tirẹ̀ nínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì ti pinnu bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó gbé kámẹ́rà jáde rárá.

Ẹ wo ohun tí Peter Gabriel ṣe. Olórin rock ni, òun ló ń kọrin fún ẹgbẹ́ Genesis kó tó dá dúró. Martin Scorsese gbé orin The Last Temptation of Christ fún un, fíìmù náà sì jáde ní 1988. Gabriel kò sáré gbé àwo tẹ̀lé e. Ó padà sí sítúdíò, ó parí àwọn orin tí fíìmù ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó jinná, ó sì gbé àwo náà jáde ní 1989. Passion ló pè é. Orúkọ àwo wà lókè, ti fíìmù wà lábẹ́. Orin 21 ni, ó ju wákàtí kan lọ. Youssou N'Dour àti Baaba Maal láti Senegal wà níbẹ̀, Nusrat Fateh Ali Khan láti Pakistan náà wà níbẹ̀. Àwo yẹn gba Grammy. Ẹni tí kò fojú kan fíìmù náà rí lè gbọ́ ọ láti òkè délẹ̀ láìbéèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Lójú tiwa, oṣù tí Gabriel lò lẹ́yìn fíìmù ló mú kó rí bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni a sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi sínú ètò.

Neil Young, onígìtá rock mìíràn, gba ọ̀nà tirẹ̀. Ní ti Dead Man tí Jim Jarmusch ṣe, ó ń wo fíìmù náà bó ṣe ń lọ, ó sì ń fi gìtá ta ohun tó bá wá sí i lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Fíìmù jáde ní 1995, àwo tẹ̀lé e ní 1996. Nínú àwo náà, ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré wà láàrin orin, Johnny Depp sì ń ka ewì William Blake. Ohun tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni pé ohùn gìtá oníná kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ègé kan bá kúrú, etí ṣì mọ̀ pé ara ìyókù ni.

Onígìtá Ry Cooder ní tirẹ̀, nínú Paris, Texas tí Wim Wenders ṣe ní 1984, mú orin kan tí Blind Willie Johnson gbà sílẹ̀ ní Dallas ní 1927, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan, ìkùnsínú àti gìtá nìkan, ó sì fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Ó ń fi slide (páìpù kékeré tí a ń fi sí ìka) yọ́ lórí okùn, á dúró, á jẹ́ kí ohùn kú fúnra rẹ̀ kó tó ta òmíràn. Àlàfo yẹn ni àwọn onígìtá wa máa ń bẹ̀rù jù. Jonny Greenwood, onígìtá ẹgbẹ́ Radiohead, mọ ohun tó yẹ kó fi sílẹ̀: fíìmù There Will Be Blood ti 2007 ju wákàtí méjì àtààbọ̀ lọ, àwo rẹ̀ jẹ́ ègé 11, nǹkan bí ìṣẹ́jú 33. Ẹgbẹ́ rock Pink Floyd sì lọ sí Château d'Hérouville ní Faransé ní 1972 láti ṣe orin La Vallée ti Barbet Schroeder. Orin kíkún tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ni wọ́n ṣe, wọ́n pe àwo náà ní Obscured by Clouds, orúkọ tó yàtọ̀ sí ti fíìmù.

Ilé wa náà kò ṣófo. Ẹgbẹ́ BLO gbé àwo rock wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1973. Remi Kabaka, onílù tó bá olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Steve Winwood ṣe àwo ní ọdún kan náà, ló ṣe orin Black Goddess, fíìmù Ọlá Balógun, àwo rẹ̀ sì tún jáde lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ta ni kò sì mọ orin Ọ̀pálábá nínú Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999? Ọ̀pọ̀ tó ń kọ ọ́ lónìí kò rántí ibi tó wà nínú fíìmù mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ iṣẹ́.

Ọ̀dọ̀ fáìlì ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí olóòtú bá fẹ́ ṣe àwo, inú fíìmù tó ti parí ló máa ń fẹ́ yọ orin. Kò lè dáa. Ẹni tó po ohùn fíìmù ti rẹ orin sílẹ̀ níbi gbogbo tí òṣèré ti ń sọ̀rọ̀, nígbà míì tó 10 dB (dB ni ìwọ̀n agbára ohùn) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tún gbé e sókè nígbà tí ọ̀rọ̀ tán. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ náà mọ́, ńṣe ni orin á máa rì, á máa léfòó, láìnídìí. Ohun tí ẹ nílò ni fáìlì tí olórin gbé kalẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni yẹn: WAV, 24-bit, 48 kHz (ìyẹn ìgbà 48,000 tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan), láìsí limiter, ohun tó ń dí ohùn lókè, lórí rẹ̀. Fún ègé kọ̀ọ̀kan, ẹ gba odidi rẹ̀, kí ẹ tún gba gìtá lọ́tọ̀, báàsì lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀, ohùn èèyàn lọ́tọ̀. Kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà, kódà bí gìtá kò bá wọlé títí orin fi dé ìdajì. Bí fáìlì gìtá bá bẹ̀rẹ̀ níbi tí gìtá ti wọlé, tí ti ìlù bẹ̀rẹ̀ láti òdo, odidi ọjọ́ lẹ ó fi wá ibi tí wọ́n ti pàdé.

Ẹ sọ fún onígìtá pé kó má gé ìrù ohùn. Nínú fíìmù, ìran yí padà, a gé orin kúrò, kò sẹ́ni tó mọ̀. Lórí àwo, gbogbo ayé ló ń gbọ́ ọ. Kí ó jẹ́ kí okùn tó ta kẹ́yìn máa dún títí á fi dákẹ́ pátápátá, pẹ̀lú gbohùngbohùn rẹ̀, kó ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí i kó tó pa ẹ̀rọ. Kò ná yín ní nǹkan kan lọ́jọ́ tí ẹ ń gbà á sílẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó lè dá a padà bó ṣe yẹ.

Ìyàtọ̀ 48 kHz àti 44.1 kHz náà ń ba iṣẹ́ jẹ́ ní jẹ́jẹ́. 48 ni fíìmù ń lò, 44.1 ni CD. Bí ẹnì kan bá ṣí fáìlì 48 bíi pé 44.1 ni, láìyí i padà, orin á fi nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún falẹ̀, ohùn á sì rẹlẹ̀ ní nǹkan bíi semitone kan àtààbọ̀. Fíìmù tí wọ́n ya ní 24 férémù, tí wọ́n sì sáré rẹ̀ sí 25 fún tẹlifíṣàn, á ṣe òdì kejì: orin á yára díẹ̀, ohùn á sì lọ sókè. Gìtá tí ẹ tún ta lé e lórí kò ní bá a mu láéláé, ẹ ó sì máa bú onígìtá pé kò mọ okùn ún yí. Ẹ kọ́kọ́ fi tuner wọn ohùn E kan nínú fáìlì náà kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni sí sítúdíò.

Ẹ̀yin náà mọ ti iná. Ìró iná mànàmáná wa wà ní 50 Hz, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní 100 àti 150. Gìtá tó ní pickup (ohun tó ń gba ohùn okùn) oní-wáyà kan, single-coil, á gbé e mì tòun ti orin. Nínú fíìmù, ariwo ọjà àti ọ̀rọ̀ ẹnu bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ sí etí gbọ́ àwo yín á gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ lo inverter lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gba gìtá, kí jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà. Kí onígìtá yí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi rí ibi tí ìró náà ti kéré jù lọ, nítorí pickup ní ojú tó fi ń gbà á. Bí ó bá ti wọ inú fáìlì, ẹ lè fi EQ (ohun tó ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí dín in kù) tó tín-ínrín gé 50, 100 àti 150, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ohùn G ìsàlẹ̀ ti báàsì wà ní 49 Hz. Bí EQ yín bá gbòòrò jù, ìró iná lọ, báàsì náà bá a lọ. Orí fáìlì gìtá nìkan ni kí ẹ ti gé e, ìdí mìíràn nìyẹn tí a fi ní kí ẹ gba gbogbo rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ti títò, bí ẹ bá ní ọgbọ̀n ègé, ẹ má retí ju orin mẹ́wàá sí méjìlá lọ, ìṣẹ́jú 35 sí 40. Bí ẹ bá ń ronú àwo vinyl, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ni kí ojú kan má kọjá, nítorí bó bá ti gùn jù, wọ́n á dín agbára ohùn kù kí ìlà rẹ̀ lè gba orí àwo. Gbogbo ìró ìdẹ́rùbà oníṣẹ́jú àáyá méjì, ẹ yọ wọ́n. Kókó orin tó ń padà wá nígbà mẹ́jọ nínú fíìmù, ẹ fi sílẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ara tirẹ̀: lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú gìtá nìkan, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìlù tó falẹ̀. Àwọn ègé tó wà ní kíì (ohùn tí orin dá lé) kan náà tí ìyára wọn sì súnmọ́ra, ẹ so wọ́n pọ̀ di orin ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ibi ìsopọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ àwo ti ń fọ́. Ẹni tó gé fíìmù ló sọ bí ègé ṣe gùn tó, ó sì lè gé e ní bar, ìyẹn ìpín ìlù, mẹ́ta àtààbọ̀ nítorí pé òṣèré ti ilẹ̀kùn. Etí ń retí bar kẹrin. Bí ẹ bá kàn dín ohùn ọ̀kan kù tí ẹ gbé èkejì sókè, ẹsẹ̀ ìlù á ṣi, olùgbọ́ á sì mọ̀ ọ́n lára bí kò tilẹ̀ mọ ohun tó ṣe é. Ẹ pe onígìtá padà fún ọjọ́ kan péré kó ta ìyókù rẹ̀. Kó mú gìtá kan náà wá àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè kan náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹnì kan fi fóònù ya àwòrán gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà àti ibi tí maíkì dúró sí, nítorí kò sí olórin tó ń rántí rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Okùn náà ń kọ́? Okùn tuntun ń dún gooro, okùn tó ti lo oṣù kan ti dákẹ́ díẹ̀. Bí ẹ bá so ohùn méjèèjì pọ̀, ojú oríkèé á hàn. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ okùn, kó ta á fún bí ọjọ́ mélòó kan kó tó wá.

A ó dúró díẹ̀ lórí gángan, nítorí ọ̀rọ̀ tiwa gan-an nìyẹn, kò sì sí nínú ìwé ìlànà ẹnikẹ́ni. Nínú fíìmù, bí gángan bá ń dún lábẹ́ gìtá, ojú wà lára òṣèré, ìlù kàn ń mú ara yá. Lórí àwo, ọmọ Yorùbá á tẹ́tí, á fẹ́ mọ ohun tí ìlù ń wí. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà to orin á wá mú ègé bar méjì, á gé e níbi tó bá ojú rẹ̀ mu, á máa yí i po. Ẹ jẹ́ ká ní onílù sọ pé “kò séwu lóko, àfi gìrìrì àparò”. Bí ẹni tó ń to orin bá gé iwájú rẹ̀ kúrò, ohun tí ìlù á máa tún sọ ní ìgbà mẹ́rìndínlógún ni “ewu lóko, ewu lóko”. Ẹ má ṣe é. Kí onílù jókòó ti ẹni tó ń gé e, kó fi ọwọ́ hàn án ibi tí gbólóhùn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Gìtá tó ní distortion (ohùn líle tó ń ha) sì máa ń jókòó sórí ohùn gángan. Ẹ fetí wá ibi tí ìlù ti ń sọ̀rọ̀ jù, lọ́pọ̀ ìgbà láàrin 150 sí 400 Hz, kí ẹ dín gìtá kù níbẹ̀ ní 2 tàbí 3 dB, níbi tí ìlù bá ti ń fọhùn nìkan. Kí ẹ má sì yí ohùn fáìlì gángan padà láti bá kíì gìtá mu láìbéèrè lọ́wọ́ onílù. Gìtá ló rọrùn jù láti yí okùn rẹ̀ sí ibi tí gángan wà.

Ṣé kí ọ̀rọ̀ òṣèré wà nínú àwo? Dead Man ṣe é, Paris, Texas náà fi odidi ìjíròrò tó ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ síbẹ̀. Ó lè dára, àmọ́ ẹ mú ohun tó ṣeé gbọ́ nígbà mẹ́wàá. Oríkì, ewì, àdúrà, ìkìlọ̀ bàbá àgbà: ìwọ̀nyí kò ní sú èèyàn. “Níbo lo fi kọ́kọ́rọ́ sí?” á súni nígbà kejì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dá dúró bí ègé tirẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ orin nìkan lè fò ó, kí ẹ sì gba àṣẹ òṣèré náà lórí ìwé. Ìró àyíká náà ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ojú irin ní Lafẹ́nwá, àwọn oníṣòwò àdìrẹ ní Ìtòkú, bí ẹ bá gbà á fún ìṣẹ́jú méjì gbáko pẹ̀lú ìbòrí afẹ́fẹ́ lórí maíkì.

Agbára ohùn fíìmù yàtọ̀ sí ti àwo. Netflix, fún àpẹẹrẹ, ń béèrè -27 LKFS (òun àti LUFS jẹ́ ìwọ̀n kan náà fún bí ohùn ṣe ń ró tó), tí wọ́n ń wọ̀n láti ara ọ̀rọ̀ ẹnu. Spotify ń mú orin wá sí nǹkan bíi -14 LUFS. Nítorí náà ẹ gbé e fún ẹni tó mọ másítà (àtúntò ohùn ìkẹyìn kí àwo tó jáde) ṣe, kí òkè rẹ̀ má kọjá -1 dBTP, ìwọ̀n ibi tí ohùn ga jù. Ẹ má jẹ́ kó tẹ orin pẹlẹ́bẹ nítorí kó lè pariwo. Orin fíìmù ń gbé lórí ìyàtọ̀ jẹ́jẹ́ àti kíkan.

Ẹ má to orin bí ìran fíìmù ṣe tẹ̀lé ara wọn. Èyí tó lágbára jù lè wà ní ìparí fíìmù, bẹ́ẹ̀ ìkejì ló yẹ kó jẹ́ lórí àwo. Orúkọ orin náà ńkọ́, “Ikú Bàbá Àdùkẹ́” á já fíìmù fún ẹni tí kò tíì wò ó, “Ègé 14” kò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ìwé ló kù. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 2022 béèrè pé gbígbé ẹ̀tọ́ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Ẹ kọ ohun méjì lọ́tọ̀: ta ló ni orin tí a kọ, ta ló sì ni ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ẹ kọ pé a lè tún un tò fún àwo, ìdá tó jẹ́ ti onígìtá, ti onílù, àti ti olóòtú. Ẹ kọ àkọsílẹ̀ gbogbo orin inú fíìmù, orúkọ, ẹni tó kọ ọ́, bó ṣe gùn tó, ibi tó wà, kí ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ orin, bíi MCSN, lè rí nǹkan tọ́ka sí. Orin kọ̀ọ̀kan lórí àwo nílò ISRC tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ohùn tí a gbà sílẹ̀. Bí ẹ bá so ègé mẹ́ta di ọ̀kan, ohùn tuntun ni, ISRC tuntun ni yóò gbà.

Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni Content ID, ètò tí YouTube fi ń dá ohun tó ní olówó mọ̀. Ọ̀pọ̀ fíìmù wa ló ń jáde lórí YouTube báyìí. Bí onígìtá bá gbé àwo fún ilé-iṣẹ́ tó ń pín orin kiri, tó sì gbà kí wọ́n fi sí Content ID, ẹ̀rọ YouTube á gbọ́ orin náà nínú fíìmù yín, á ní ẹlòmíràn ló ni ín, owó ìpolówó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibòmíràn lọ, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an tí èrò ń rọ́ wọlé. Ẹ fún onígìtá ní àdírẹ́sì ìkànnì yín ṣáájú, kó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkànnì yìí ní àṣẹ. Bí ó bá sì lo lúùpù tó rà, tí àwọn ẹlòmíràn náà ní àṣẹ láti lò, orin yẹn kò gbọdọ̀ wọ Content ID rárá.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún lónìí kò ju èyí lọ: fíìmù tí ẹ ń gé lọ́wọ́, àti èyí tó jáde lọ́dún tó kọjá, ẹ wá fáìlì orin wọn lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é kí wọ́n tó pa á rẹ́ nítorí àyè. Ẹ fi í sínú hard drive méjì, ẹ má fi méjèèjì sínú ilé kan. Bí àwọn onígìtá bá ní àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa yọ ọ́ jáde ní 24-bit lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ka apá kìn-ín-ní iṣẹ́ inú lẹ́tà yìí sí wọn létí.

Tiyín ni àwa,
Àwa tí a ń po ohùn, tí a sì ń to orin fíìmù
Abẹ́òkúta, Ìpínlẹ̀ Ògùn